Ọjọ́ Tí Tẹlifóònù Ilé Wa Kò Ráyè Dún

Mo rántí ìgbà tí tẹlifóònù ilé wa ní Ìtòkú ṣì ní àgádágodo. Àgádágodo kékeré ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bàbá mi a máa fi í sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò tí a ń ti ìka bọ̀ láti yí nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà lè pe ìta láìjẹ́ pé àwọn gbọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lápò wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Òwò àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, nítorí àwọn oníbàárà wọn ní Èkó ni wọ́n sì ṣe fa wáyà náà wọlé. Nígbà tó dé, ìyá mi fi òwú funfun hun aṣọ bò ó, a gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ẹni tó bá pè wá láti ìta, a óò gbọ́ ọ. Àgádágodo kò ní kó má dún. Àwa tí a wà nínú ilé nìkan ni kò jẹ́ ká pe ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aláró tí ilé wọn kángun sí tiwa kì í yé fi àgádágodo náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ni wọ́n ń rẹ aṣọ bàbá mi láró, ọwọ́ wọn méjèèjì a sì dúdú minimini títí dé ìgbọ̀nwọ́. Òrìṣà ni wọ́n ń bọ nílé bàbá wọn lábúlé kan lọ́nà Ọ̀fàdà, ṣùgbọ́n a kì í pín ẹran Iléyá kí ìpín wọn má sí níbẹ̀.

Wọ́n á ní, "Àlàájì, ẹ tú ewúrẹ́ yín yìí lókùn kó jẹ̀ díẹ̀."

Bàbá mi á fèsì pé, "Bí mo bá tú u, owó mi ni yóò jẹ."

Síbẹ̀, Ìyá Aláró kì í fọwọ́ kan tẹlifóònù náà. Aláwọ̀ eyín erin ni, wọ́n ní aró ọwọ́ àwọn yóò bà á jẹ́.

Mo ti parí ilé kéwú nígbà náà, mo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Mùsùlùmí. Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ kò jẹ́ kí n rí ohun tí n kò mọ̀. Èmi ni mo gbà pé mo lóye tẹlifóònù jù nílé. Mo mọ̀ pé bí a bá gbé e sétí tó ń dún gbọọrọ láìdáwọ́ dúró, ọ̀nà ṣí nìyẹn. Bó bá ń dún tó ń sinmi, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń pè. Bó bá ń ṣe tú-tú-tú kíákíá, ẹnìkan ń lò ó lọ́wọ́. Mo máa ń kọ́ àwọn àbúrò mi ní ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni ń ka hàdíìsì.

Lọ́dún tí odò kún bo ilé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ, ìtòsí odò gan-an. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó sì ní tẹlifóònù tirẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Kò tíì pẹ́ tí a lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí bàbá mi ṣí rédíò láàárọ̀, wọ́n ń sọ pé odò ti gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn, wọ́n sì dárúkọ àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi tó ń da ẹ̀kọ fi ìgbákọ sílẹ̀ nínú ìkòkò. Bàbá mi wá kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n tú àgádágodo náà, wọ́n sì fi sórí tábìlì níbi tí gbogbo wa ti rí i.

Bí wọ́n ti yí nọ́ńbà Ìbàdàn tán, tú-tú-tú ni. Wọ́n tún un yí, tú-tú-tú. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà gbìyànjú, bóyá ọwọ́ ìyá ni yóò ṣí ọ̀nà. Ẹni tó bá wá kí wa pé ẹ kú ìdààmú, òun náà á fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, wa ọkọ̀ wọn gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti padà. Wọ́n ní ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọn ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ tẹrù-tẹrù, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn náà jókòó ti tẹlifóònù pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá rẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Bàbá mi ń wí pé, "Ẹ má dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni mo fi ìmọ̀ mi ṣe wọ́n ní oore. Ìyá mi bi mí pé, "Ìwọ tó mọ ohùn rẹ̀, kí ló ń wí?" Mo ní ẹnìkan ń lò ó. Wọ́n ní ta ni ìbá máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ wá? Mo ronú díẹ̀, mo wá sọ bí olùkọ́ pé ó jọ pé omi ti gbá ọwọ́ tẹlifóònù náà kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, torí ohùn kan náà ló máa ń mú wá. Ìyá mi rọra jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ wọn jọ bí ẹni pé omi ọ̀hún ti wọ pálọ̀ wa. Bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ti rí sínú omi, ta ló kù lábẹ́ rẹ̀?

Ìyá Aláró ló wọlé lásìkò náà, aró ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá ìyá mi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí a pe ìrun Àsárì, bàbá mi kò lọ sí mọ́sálásí. Wọ́n ní àwọn kò lè jìnnà sí tẹlifóònù náà. A ṣe àlùwàlá, a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé tò sẹ́yìn wọn, Bàbá Kékeré, ìyá mi, àti gbogbo àwọn tó wá kí wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, kò sí ọwọ́ kankan lórí tẹlifóònù. Ìyá Aláró nìkan ló ṣẹ́kù lórí àga ní pálọ̀.

A wà ní ìdúró ráká kejì nígbà tó dún.

Mo mọ̀ pé gbogbo wa gbọ́ ọ, torí èjìká àwọn tó wà níwájú mi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún, ó sinmi, ó tún dún. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ kúrò lórí ẹní. Bàbá mi wí pé "Àlàáhù Akbar," a sì tẹ̀ lọ sí rúkúù. Ó tún dún. Ìgbà náà ni a gbọ́ tí àga ṣí nílẹ̀, tí Ìyá Aláró sì ń bá tẹlifóònù náà wí pé, "Wọ́n ń kírun. Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń kírun ni?"

Ó tún dún. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo sì rò pé ó ti bọ́ lọ.

"Ta nìyẹn?" Ìyá Aláró ló ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò Ògùn. "Èmi ni o, Ìyá Aláró. Ìwọ ta ni? Yéè, ọmọ mi. Ṣé omi ò gbé ẹ?"

A forí kanlẹ̀. N kò mọ iye ìgbà tí bàbá mi fi ògo fún Ọlọ́run nínú ìforíkanlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó gùn. Ẹní abẹ́ ojú mi tutù.

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀? Ìsàlẹ̀ nìkan ni omi wọ̀? Ọmọ ńkọ́? Irọ́ lò ń pa, jẹ́ kó ké kí n gbọ́. Hẹ̀n-ẹ́n. Mo gbọ́ ọ. Ké e dáadáa, ìwọ onímú bíi ti Àlàájì."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú ìrun. N kò ní sọ ẹni náà, Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n. A kírun náà parí bó ti yẹ, bàbá mi sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dìde lọ sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Aláró dojú ọwọ́ tẹlifóònù náà kọ òkè bí ẹni gbé ẹyin dání, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má baà já.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi ni pé, "Ẹ̀yin ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀? Mo ti pè títí, tú-tú-tú ni mò ń gbọ́. Mo ní ṣé nǹkan ti ṣe Bàbá ni." Àwa ń pè é, òun ń pè wá. Àwa la dí ọ̀nà rẹ̀, òun ló dí tiwa, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ojú ilé wá sórí èmi onímọ̀. Bàbá Kékeré bi mí pé, "Ṣé omi ti gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí ìjókòó ni?" Orúkọ tí wọ́n ń fi pè mí nìyẹn fún ọdún púpọ̀, Onímọ̀-Tẹlifóònù.

Àmì ìka Ìyá Aláró hàn lára ọwọ́ tẹlifóònù náà, dúdú mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n fẹ́ fi ìrépé aṣọ nù ún. Ìyá mi di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nù ún, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tú wáyà náà kúrò nílé wa.

Àwọn òbí mi ti lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, Ìyá Aláró náà ti lọ. Ọmọ tó ké lọ́jọ́ náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ tèmi fọ́n káàkiri ayé, àbíkẹ́yìn mi sì ti fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń fi àmì tíntín aláwọ̀ ewé hàn mí bí ẹni tí mo ń wá bá wà níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí àmì náà kì í yọ. Ìka mi a máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, màá sì gbé fóònù kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Bí mo bá sì kírun tán, n kì í tètè ká ẹní mi. Mo ti tọrọ, mo ti tún un tọrọ. Màá wá jókòó jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀, kí ọ̀nà lè ṣófo fún ìdáhùn.