Ẹ́ńjìnnì Tó Kọ̀ Tí Kò Yí

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tú jẹnẹrétọ̀ ilé wa palẹ̀, ó ń fi kẹrosíìnì fọ irin inú rẹ̀ nínú abọ́ ìfọṣọ mi. Ó rò pé màá bá òun jà nítorí abọ́. Kò mọ̀ pé òórùn kẹrosíìnì yẹn ti gbé mi padà sí àgbàlá bàámi ní Ìkìrun, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, àti pé ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Bàámi ní mọ́tò kan nígbà náà, ògbólógbòó tó ń gbé èrò láti Ìkìrun gba Inísà lọ sí Òkukù. Ewúrẹ́ pàápàá máa ń yà fún un, nítorí bíréèkì rẹ̀ kì í tètè gbọ́ràn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, bàámi ní àwọn á tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe nílé. Bùráímọ̀ ni wọ́n pè, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Inísà, tó sì ti kọ́ṣẹ́ mọ́tò díẹ̀. Bàbá Inísà ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n, nítorí wọ́n máa ń jẹ́ ká fi aago kẹ̀kẹ́ wọn ṣeré títí etí á fi di. Bàámi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Inísà ń kírun. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á ti Inísà wá bá wa. Bí Kérésìmesì bá dé, ìyá mi á bu ìrẹsì sínú abọ́ tánganran ránṣẹ́ sí wọn.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà. Gbogbo irin tí wọ́n bá tú, Bàbá Inísà á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó sórí ẹní àtijọ́ kan. Lára wọn ni ìdè mẹ́ta tó ń de ṣáàfùtù, irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ àyè rẹ̀. Méjì nínú ìdè náà jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ padà sí. Bàbá Inísà fẹ́ fi fáìlì sàmì sí wọn. Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí wọ́n ṣe tò lórí ẹní ti tó àmì.

Èmi ni mo sì ń gbá àgbàlá láàárọ̀. Ìyá mi kì í gbà kí ọmọbìnrin gbálẹ̀ yí nǹkan po. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ ọ̀lẹ nìyẹn, tí mo bá délé ọkọ, òun ni àwọn ará ibẹ̀ á fi bú ìyá tó bí mi. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kó irin wọ̀nyí kúrò, mo gbọn ẹní, mo gbá abẹ́ rẹ̀, mo sì tò wọ́n padà. Lójú tèmi, mo tò wọ́n bí mo ṣe bá wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì pọ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú mọ́tò, bàámi fi sípánà yí i wò. Kò yí. Àwọn méjèèjì jọ rọ̀ mọ́ sípánà náà, kò mira. Wọ́n da ọ́ìlì sí i, bákan náà ni. Bàbá Inísà wá ní kí wọ́n tú abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa dẹ ìdè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yí i wò. Wọ́n dẹ àkọ́kọ́, kò yí. Wọ́n dẹ ìkejì mọ́ ọn, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá Inísà yẹ méjèèjì wò, wọ́n ní ìdè wọ̀nyí ti gba àyè ara wọn.

"Ìwọ lo tò wọ́n," ni bàámi wí.

"Mo fi Ọlọ́hun búra, bí mo ṣe tò wọ́n kọ́ nìyí."

"Ṣé irin ló dìde rìn? Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní kí ọwọ́ tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ wá kan ẹ́ńjìnnì."

Mo dúró níbẹ̀, mo gbé omi mímu wọn dání. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹgba bà mí. Bàbá Inísà fi àkísà nu ọwọ́ wọn, wọ́n ká àkísà náà sórí ẹní, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Bàámi pààrọ̀ ìdè méjèèjì, ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iléyá dé, ìyá mi gbé ìkòkò kaná de ẹran tí kò wá. Ní Kérésìmesì, wọ́n bu ìrẹsì tán, bàámi ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mọ́tò náà ń kọjá ní Inísà, kò yà rí.

Nígbà tí Bàbá Inísà kú ni mo tó kúnlẹ̀ níwájú bàámi, mo jẹ́wọ́. Mo ti bímọ méjì nígbà náà.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjà wa ni mo rí ọ tí ò ń gbọn ẹní, ó sì yé mi."

Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn ò lọ bá Bàbá Inísà.

"Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi. Mo ń sọ pé tó bá dọ̀la."

Bàámi náà ti lọ báyìí, igi máńgòrò ti di ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà á sì gbé ọ dé Inísà kí o tó jẹ ọsàn kan tán. Ìrẹsì Kérésìmesì nìkan ni kò yí padà, a ṣì ń sè é lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá, mo bù ú sínú abọ́ tánganran, mo gbé e lọ. Ọmọbìnrin Bàbá Inísà, tí òun náà ti di ìyá àgbà, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo dárúkọ bàámi, ó dijú díẹ̀.

Ó ní bí mọ́tò yẹn bá ti ń bọ̀ lọ́nà Ìkìrun, bàbá òun á dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n á ní, "Ẹ́ńjìnnì tí mo bá wọn ṣe ló ń dún yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀." Wọ́n á sì ní kí òun lọ tẹ́ ẹní.