Ẹ̀yìn Àwo Tí A Kọ Ní Ìlọrà

Àga onígi ni wọ́n fi fọ́ mi lórí lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nítorí orin!

Bàbá Oyèwùmí ń ṣí ilé tuntun ní Ìlọrà, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ onígìtá wa láti Fìdítì. Orin inú àwo la máa ń kọ. Orúkọ olówó tí wọ́n kì nínú àwo la ó yọ, a ó fi ti ẹni tó pè wá sí i.

Orin ojú àwo tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ń bèèrè léraléra. Ó sú mi! Mo ní ká kọ ti ẹ̀yìn àwo, tó dùn jù ú lọ.

Orin náà ò mọ́ Délé akọrin wa lẹ́nu. Ó dijú, ó gbàgbé láti yí orúkọ, ó figbe ta: "Akínlàdé, baba wa!"

Akínlàdé ará Akínmọ̀rìn, ìlú tó múlé ti Ìlọrà! Ẹni tó ń bá Bàbá Oyèwùmí ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀!

Bàbá fò dìde. "Ta ló rán yín?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Bó ṣe wà nínú àwo nìyẹn."

"Nínú ilé mi? Ẹ lù wọ́n!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ la gìtá mi mọ́ ògiri. Wọ́n gbá Délé lẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ méjì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú, mi ò rí ọ̀nà.

Ibi tí wọ́n ti ń rán orí mi ni oníṣẹ́ Akínlàdé ti wá bá mi. Ọ̀gá rẹ̀ ní ká wá kọ orin yẹn nílé òun ní Sátidé, ká má yọ orúkọ kankan, ká sì kọ ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Ìlọrà.

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó lọ? Délé aláìléyín ti ń fi orin náà dánra wò o.