Igi Àṣìkẹ́ Létí Odò Olómitútù

Bí ẹ bá dé abúlé wa, tí kò jìnnà sí Joga-Orílé, tí ẹ sì béèrè Àṣìkẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé Àṣìkẹ́ wo. Wọn á ní kí ẹ máa tẹ̀lé òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ títí ẹ ó fi dé etí odò Olómitútù. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá a, ìró rẹ̀ ká dé orúnkún, ọ̀bẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Tíṣà ni èmi, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà. Ṣèyífúnmi lorúkọ mi, láfún Àṣìkẹ́ ló sì fún mi ní ikùn tí mò ń gbé kiri yìí.

Àṣìkẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Abúlé yìí ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ọmọ àlejò ni, torí bàbá rẹ̀ wá láti ìhà Kétu, ó sì gba oko lọ́wọ́ ìdílé Bàrúwà. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bú u. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún Bàbá Bàrúwà, wọn a sì jọ máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ gbin igi. Kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́, kó gbin ẹ̀fọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló nilẹ̀. Ẹ̀fọ́ á kú, igi á dúró ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Olómitútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àwọn tó ń sun èédú ti gé igi etí rẹ̀ tán, àwa náà sì ti gbin àgbàdo dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rin. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún, omi tó ń mu wá dé itan kò bo kókósẹ̀ mọ́. Ẹ̀gẹ́ kò sì ṣe é rẹ sínú ẹrẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Àṣìkẹ́ tó ń gbé ní Sango, ní kí ìyá òun palẹ̀ ẹrù mọ́, òun ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún un. Àṣìkẹ́ ní bí odò náà bá gbẹ tán, òun á wá. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó sì dùn mí wọra. Ta ni yóò máa bú mi bí ó bá lọ?

Bí a ṣe dá ẹgbẹ́ tí yóò gbin igi padà sétí odò sílẹ̀ nìyẹn. Olùṣọ́-àgùntàn Caleb ní ìjọ òun á kó ọmọ igi wá láti Ìlaròó. Mọ́ṣáláṣí ní àwọn á bọ́ gbogbo ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣòwò ní Kútọnù fi wáyà ọgbà ránṣẹ́ nítorí àwọn ewúrẹ́. Ìdílé Bàrúwà yọ̀ǹda ogún ìṣísẹ̀ ilẹ̀ létí odò, ìdílé Mákindé, tí wọ́n jọ fi odò náà pààlà, sì yọ̀ǹda ogún lápá kejì. Èmi ni akọ̀wé, orí mi sì wú. Gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ nípàdé ọjọ́ náà ló ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo kà á dé ìgbà mẹ́jọ kí n tó ṣíwọ́.

A pe ọ̀wẹ̀ sí Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún. Tọkùnrin tobìnrin jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Ọkọ̀ já ọ̀ọ́dúnrún ọmọ igi kalẹ̀, abùrà tó fẹ́ràn etí omi ló pọ̀ jù nínú wọn. Olùṣọ́ gbàdúrà, Lèmọ́mù náà ṣe tiẹ̀. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gbìn ín. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀.

Bàbá Bàrúwà wá rọra bi mí pé ta ló máa gbin igi sórí ilẹ̀ òun. Mo ní gbogbo wa ni. Ó ní ṣé àwọn ọmọ Mákindé wà lára gbogbo wa. Lápá kejì odò, Bàbá Mákindé ti ń bi Olùṣọ́ ní ìbéèrè kan náà. Mo ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kúkú gbin sí apá tirẹ̀, ìyẹn náà tún di ariwo: odò tó jẹ́ ààlà ti sún kúrò níbi tó wà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rigi mọ́lẹ̀ ló máa gba àárín. Ẹ wò ó, èmi tí mo ti kọ́ ọmọ lábúlé yìí fún ọdún méjìlélógún, mo gbàgbé ohun tí ọmọ kíláàsì kìíní mọ̀. A jẹ ìrẹsì mọ́ṣáláṣí tán, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé ni mo kó àwọn ọmọ igi náà sí. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àràárọ̀ ni Àṣìkẹ́ ń ru omi gun òkè wá láti inú ìwọ̀nba tó kù nínú odò, tó ń bomi rin igi tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbìn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí èmi náà lọ gbé garawa.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní kí n bá òun pe bàbá méjèèjì wá sábẹ́ máńgòrò náà. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ò nílẹ̀, n ò sì wá gbalẹ̀. Ẹ jẹ́ kílé Bàrúwà gbin tiwọn sápá Mákindé, kílé Mákindé gbin tiwọn sápá Bàrúwà. Ẹni tó bá lóun fẹ́ figi òun gbalẹ̀, kó rántí pé igi ẹnì kejì ń bẹ lórí ilẹ̀ tòun náà."

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Bàbá Mákindé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Bàbá Bàrúwà bi Àṣìkẹ́ pé níbo ló ti kọ́gbọ́n yìí. Àṣìkẹ́ ní ẹni tí wọ́n bá ní kó má ṣe nǹkan láti kékeré, á ráyè ronú sí i dáadáa.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé Bàrúwà rékọjá sápá ọ̀tún, ilé Mákindé rékọjá sápá òsì, wọ́n ń bú ara wọn lójú ọ̀nà, ẹ̀rín gba odò kan. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣe é jákujàku, torí gbogbo wọn ló ń fojú ṣọ́ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe lórí ilẹ̀ tiwọn. Kó tó di ọ̀sán, ó ku ẹyọ abùrà kan, ọwọ́ Bàbá Bàrúwà ló sì wà. Ó pe Àṣìkẹ́ nídìí ìkòkò tó ti ń bu oúnjẹ.

Ó ní, "Àṣìkẹ́, wá gbin èyí."

"Bàbá, sórí ilẹ̀ ta ni?"

"Sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ ro létí odò yìí."

Àṣìkẹ́ bi Bàbá bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Bàbá ní òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bá Àṣìkẹ́ gbẹ́ ihò náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Ó sunkún, èmi náà sunkún, ojú kò sì tì mí.

Omi Olómitútù ti padà dé orúnkún báyìí. N kò ní parọ́ fún yín, òjò ọdún méjì tó kọjá náà ràn wá lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì abúlé ní inú rírun àwọn ọmọdé ti dínkù nítorí omi ti mọ́, láfún sì ti padà dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ Àṣìkẹ́ létí odò nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún pè, tó ní yàrá yẹn ṣì wà nílẹ̀, ìgbà wo ni Màmá ń bọ̀? Àṣìkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbójú sókè wo abùrà tó ti ga jù ú lọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, wá ẹlòmíì tó máa gbé yàrá yẹn. Mo ti gbin igi síbí."