Kọ́bọ́ọ̀dù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé orí mi nìkan ló yọ lókè tábìlì iṣẹ́ bàbá mi, yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti bàbá mi ń gbé ní Bushrod Island, níhìn-ín ní Monrovia. Kápẹ́ńtà ni bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti pẹ́ ní Làìbéríà kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi kò sí lọ́dọ̀ wa ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ti padà sílé láti tọ́jú ìyá tiwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Àdéhùn wa ni pé èmi àti bàbá mi yóò lọ bá wọn, a ó sì jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Iṣẹ́ ńlá kan ni bàbá mi ń retí tí a ó fi rí owó ọkọ̀.

Iṣẹ́ náà dé. Alhaji kan, ọmọ ìlú wa tó ń ta aṣọ ní Broad Street, ló wá bá bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí òun yóò máa to aṣọ sí.

“Kápẹ́ńtà, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni mo fẹ́ o. Kò gbọdọ̀ dín. Kó sì le dáadáa. N kò fẹ́ èyí tí ènìyàn á fara tì, tí á máa ké bí ọmọ ìkókó.”

“Alhaji, tèmi kì í ké.”

“Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó ń fa aṣọ mi ya.”

“Ìṣó kẹ̀? Ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí ẹyọ kan.”

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó fi owó igi sílẹ̀, ó lọ. Mo wà níbẹ̀, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló wí, kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ìlú yìí, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí òjò ibí ṣe ń rọ̀. Ní ọdún yẹn, omi wọ abẹ́ àtíbàbà títí ó fi dé orúnkún mi. Bàbá mi kó igi, ayùn, ìfági, òòlù onígi àti ṣísẹ́lì wọn wọ inú yàrá, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, àárín èérún igi la ti ń jẹun, orí rẹ̀ la ń sùn. Fèrèsé kan ni yàrá náà ní, onílé sì ti fi irin dí i nítorí olè. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tí ènìyàn méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fara mọ́ ògiri. Òjò ń dún lórí páànù débi pé a ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ara wa, nítorí náà a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń so igi pọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọn á gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sára ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù; abo nìyẹn. Wọn á wá fi ayùn gé orí igi ìdábùú di ahọ́n tó ṣe rẹ́gí ihò náà, akọ nìyẹn. Ẹnu ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fa ìlà, wọn kì í lo pẹ́ńsù, torí ìlà pẹ́ńsù nípọn, ayùn lè sọnù sínú rẹ̀. Ayùn kò sì gbọdọ̀ gun orí ìlà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń rìn, níhà igi tí a ó sọ nù. Iṣẹ́ tèmi ni láti dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí n máa wò ó bóyá ayùn dúró ṣánṣán. Bó bá yẹ̀ sí òsì, mo ní láti wí pé “ọ̀tún”. Bó bá yẹ̀ sí ọ̀tún, màá wí pé “òsì”. N kò gbọdọ̀ wí ohun mìíràn.

Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù Alhaji tún le ju ìyẹn lọ. Ihò náà kò la igi já sí ẹ̀gbẹ́ kejì, inú rẹ̀ sì fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀. Wọ́n fi ayùn la orí ahọ́n ní ojú méjì, wọ́n sì fi ègé igi pẹlẹbẹ, tó mú lẹ́nu bí àáké, ha ojú kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá fi òòlù kan ahọ́n wọ inú ihò, ìdí àwọn ègé igi náà á kan ìsàlẹ̀, wọn á wọnú ahọ́n lọ, ahọ́n á là, á fẹ̀, á há mọ́ inú. Ẹnu ihò kéré, inú fẹ̀. Kò sí bó ṣe lè jáde mọ́. A kì í dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Orúkọ tí bàbá mi fún irú ìsopọ̀ yìí ni Wọlé-má-jàáde. Èmi ni mo gé àwọn ègé igi náà, gbogbo wọn, bàbá mi á sì fi àtàńpàkò yẹ ẹnu wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dùn mọ́ mi nígbà náà, mi ò purọ́. Bí ìdábùú kan bá ti wọlé tán, ohùn òòlù á yí padà. Kò ní dún “kó” mọ́, á dún “gbì”, a ó sì mọ̀ pé ó ti há. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ “gbì” yẹn, mo máa ń rò ó pé ìyá mi tún sún mọ́ wa díẹ̀ sí i.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni bàbá mi ṣe sí i, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Torí ẹsẹ̀ àárín, gígùn rẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Wọ́n ti wọn ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn gbà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn kò wọ̀n.

Ọjọ́ tí Alhaji wá gbé e, ó mú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mẹ́rin dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ, ó wò ó bọ̀.

“Kápẹ́ńtà, kí lèyí?”

“Kọ́bọ́ọ̀dù yín ni, Alhaji. Ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ kà á.”

“Kí n ka kí ni?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́ta rèé, mẹ́ta rèé.”

“Yéè! Ẹsẹ̀ bàtà ni mo ní lọ́kàn, Kápẹ́ńtà! Gígùn rẹ̀! Ta ló ń ka ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù? Ṣé àkekèé ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà ní, “Alhaji, ti àkekèé ju mẹ́fà lọ. Eṣinṣin lèyí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Alhaji náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fọwọ́ ra ara igi náà, ó fara tì í, ó gbọ́ pé kò ké, ó ní bó bá ti lè jáde òun á gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e. Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá dé ìdajì, imú rẹ̀ kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ àárín há mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n nà án ró, orí rẹ̀ kan àjà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún tí kò rí ọ̀nà jáde, ó ń pariwo, “Ẹ yọ mí o! Ẹ kọ́kọ́ yọ èmi ná!” Onílé wa, ìyá àgbà ọmọ Làìbéríà kan, sáré wọlé, ó ń lu ògiri rẹ̀ bí ẹni ń lu ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Oldman, my wall o! I say, my wall!”

Wọ́n dá a padà sínú yàrá. Alhaji nu ojú rẹ̀.

“Kò burú. Ẹ tú u. Ẹ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ẹ tún un tò ní ṣọ́ọ̀bù mi.”

Bàbá mi fi àtàńpàkò ra ojú ìsopọ̀ kan.

“Kápẹ́ńtà, mo ní ẹ tú u.”

“Kò ṣe é tú.”

“Ohun tí ènìyàn fọwọ́ tò?”

“Ẹ ní kó le, Alhaji.”

Alhaji fún wa ní àyè di ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní bí kọ́bọ́ọ̀dù bá jáde, bó ti wù kó jáde, òun á san owó rẹ̀. Bí kò bá jáde, kí a máa bá a gbé.

Bàbá mi wọ inú rẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi òòlù lu àwọn ìdábùú láti inú síta. Kò sí èyí tó mira. Wọ́n lù ú títí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ẹnì kan ni a tì mọ́lé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n mú ayùn.

“Ọmọ mi, dúró síbi tí o máa ń dúró.”

Mo dúró. Wọ́n fa ìlà pẹ̀lú ọ̀bẹ sára ìdábùú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àárín níhà ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ayùn lé e, wọ́n fà á díẹ̀. Ó ń lọ ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn dúró.

“Bí mo bá gé e níbí, ahọ́n á kù sínú. Ihò á ti kún, n kò ní rí ibi so ó mọ́. Igi ìdáná ló máa dà.”

Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bàámi, ẹ gé e.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ẹ gé e. Ẹ gé e, ká lọ bá ìyá mi.”

Wọ́n tún fa ayùn. Ayùn yẹ̀ sí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó, mo ní, “Òsì.” Bàbá mi yọ ayùn kúrò, wọ́n fi kọ́ ògiri, wọ́n jókòó sórí èérún igi.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan dé. Alhaji ní kí a má dààmú mọ́. Òun ti ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a gbé. Yàrá náà kò fẹ̀. A ń fẹ̀gbẹ́ rìn, bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn sí. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, pákó ni. Bí mo bá nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdábùú tí èmi fúnra mi gé ègé igi rẹ̀ ni. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ ti ìdábùú náà, bóyá yóò jẹ́ díẹ̀. Kò jẹ́ rí. Àwọn ọmọ ilé ń pè mí ní Ọmọ Eṣinṣin. Bàbá mi rí iṣẹ́ kéékèèké ṣe, àga, àpótí, ilẹ̀kùn, èyí tí ó ń bọ́ wa, tí kò sì gbé wa dé ibì kankan. Wọn kò tún ṣe Wọlé-má-jàáde mọ́.

Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, tí ìyá mi wo ọ̀nà wa títí tí wọn kò rí wa, àwọn ni wọ́n wá bá wa. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí.

“Ṣé nǹkan yìí ló dì yín mú?”

Bàbá mi ní, “Òun ni.”

“Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?”

Mo ní mẹ́fà. Ìyá mi jókòó lé ẹrù wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí. Wọn kò padà mọ́. Àwọn náà wọlé, wọn kò jáde.

Ogun dé. Nígbà tí ìbọn ń dún, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà la sá sí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń kó ẹrù ènìyàn kó ìkòkò wa, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n bú u, wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá mi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u. Bàbá mi náà wá rẹ́rìn-ín ní tiwọn lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá mi àti ìyá mi ti sùn báyìí, ilẹ̀ ìlú yìí ló gbà wọ́n. Èmi ti dàgbà, mo bímọ, mo sì ń gbé inú yàrá náà títí di ọdún tó kọjá, tí àwọn ọmọ onílé wó ilé láti kọ́ ilé alájà. Wọ́n wó ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wó ti yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì dúró nínú oòrùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró rí. Kápẹ́ńtà ọ̀dọ́ kan tó ń kọjá yí i ká. “Màmá, níbo ni nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dì í wà?” Mo ní kò ní.

Ayé ti yí padà. Kọ́bọ́ọ̀dù òde òní, inú páálí ló ń gbé wọ̀lú. Ẹ ó rí i ní ọjà Rally Time pẹ̀lú irin kékeré tí a fi ń dì í. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ tú u. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ tún un dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ mi ṣe ń gbé ilé ayé, ọ̀kan wà ní Accra, èkejì ń múra àtilọ sí ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì bá wọn wí. Nǹkan wọn kì í pẹ́ kó tó máa mì. Ti bàbá mi kò mì títí di òní. Mo mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì, mo sì mọ ohun tí líle rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa.

Mo wọn ilẹ̀kùn ilé tuntun tí mo gbà, mo wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbà á dáadáa. Nígbà tí àwọn tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí fàráńdà, kí ojú rẹ̀ kọ sí títì.

Ọmọ mi ní, “Màámi, òjò á máa pa á.”

Mo ní, “Jẹ́ kó pa á. Ó ti pẹ́ tó nínú ilé.”

Ibẹ̀ ló wà. Bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń ti ìka bọ ojú ayùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àárín. Ó lọ ṣánṣán díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yẹ̀ sí ọ̀tún, níbi tí mo ti wí pé òsì.