Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé "Hùn" Mì

Bàbá mi nìkan ló mọ ibi tí ilẹ̀ wa ní Akínmọ̀rìn parí sí, aládùúgbò kan sì ti ń gbin pákí wọ inú rẹ̀. Bàbá wà ní Fìdítì, àbúrò mi obìnrin wà ní Kánádà, èmi wà ní Ìlọrà. A fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sí i pé kó ṣàlàyé ààlà náà fún àwa méjèèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó wà lórí fóònù ni gbogbo ayé fi ń pe ara wọn. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, mo ní àfi kí n gbé ètò ìpè tèmi kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó wá ku kódẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ètò tó ń fún ohùn pọ̀ kó lè rọ́nà gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kàwé lé e lórí. Mo yan èyí tí kì í jẹ dátà: ohùn tó bá ti kéré, ariwo lásán ló kà á sí, kò sì ní fi ránṣẹ́. Mo ṣàlàyé ọgbọ́n yìí fún àbúrò mi títí ó fi ní oorun ń kun òun.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. "Láti ìdí ìyeyè, kí ẹ kọjú sí odò..." Ó dákẹ́. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀, sà."

Ó tún sọ díẹ̀, ó tún dákẹ́. "Ẹni tó bá ń gbọ́ a máa dáhùn. Àbí ògiri ni mo bí?" Ló bá pa fóònù.

"Mo ń ṣe 'hùn' látàárọ̀," ni àbúrò mi wí.

"Èmi náà ń ṣe é. Mi ò gbọ́ tìẹ."

"Ẹ̀rọ yín ló ń gbé e mì, bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú ìwé kíkà."

Mo pààrọ̀ kódẹ́ẹ̀kì náà sí èyí tó ń jẹ dátà bí eéṣú, tó sì ń gbé ohun gbogbo. Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá tó gbẹ̀bẹ̀.

"Láti ìdí ìyeyè..."

"Hùn."

"Kí ẹ kọjú sí odò..."

"Hùn."

"Ta ló ń mí bí ewúrẹ́ báyìí?"

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

"Máa mí lọ. Ẹ ó bá pèrègún mẹ́ta. Ti àárín ni ààlà. Aládùúgbò yẹn ló gbin méjì yòókù, ó rò pé mi ò rí i."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.