Ohùn Eléṣinṣin Káńsù

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe. Nígbà tí káńsù kọ́kọ́ ra dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè tó sì ń fi àwòrán ohun tó bá rí ránṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọkùnrin ọ́fíìsì ló fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó kọ́ ọ. Ẹnìkan gbé e lu òpó iná. Ẹlòmíràn gbé e há sórí òrùlé ilé-ìwé, ó ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn wo? Ewé kan ò mì lọ́jọ́ náà! Obìnrin yìí, tó ń wa ọkọ̀ omi káńsù nígbà yẹn, ló ní kí wọ́n gbé e wá kí òun wò ó. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ omi wọ ọ̀nà tóóró rí, ojú rẹ̀ ti là. Bí dírónù ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Eléṣinṣin nítorí ariwo tí ẹ̀rọ náà ń pa. Wọ́n rò pé inú máa bí i ni. Ṣe ló wá ọ̀dà funfun, tó kọ "Eṣinṣin Káńsù" gàdàgbà sára àpótí ẹ̀rọ náà.

Bí odò bá kún, òun ló ń gbé e sókè láti wo àwọn tí omi ká mọ́lé. Bí ẹnìkan bá sọnù sínú igbó, òun ló ń wá a lórí gíláàsì kékeré tó ń gbé kọ́rùn, níbi tí àwòrán dírónù ti ń hàn, Panápaná á sì máa sáré lọ síbi tó bá tọ́ka sí. Panápaná yìí, ọkùnrin oníkùn ńlá ni, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ní ẹnìkan wà nínú ewu, ẹ ò ní bá a lórí ìjókòó mọ́.

Nílé, bàbá Eléṣinṣin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá náà, kò sì tíì bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ránṣọ kẹ́yìn. Ogbó ti dé sí i lọ́pọlọ. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé pé òun ti jẹun. Ó wá ń gbàgbé ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ojú ọmọ ara rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì" ló ń pè é. Bó bá ti rí i tó wọlé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ọmọ mi lọ́nà?"

Irú èwo wá nìyẹn! Eléṣinṣin á ní, "Ó ń bọ̀, sà." Á wọ ilé ìdáná, á sunkún tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn, á bọ́jú, á sì bu oúnjẹ jáde. Ó ń dùn ún wọra, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kò dun òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é láti ilé. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn lọ ká aṣọ lórí okùn ni o! Kí n tó yíjú padà, mi ò rí Bàámi mọ́! Àwọn ará àdúgbò ní àwọn rí wọn lápá ibi ìfọ́kúta."

Ta ni ò mọ ibi ìfọ́kúta? Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn kanlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọn ò ṣe ọgbà yí i ká. Òjò ti rọ̀ kún kòtò náà, koríko sì ti bo etí rẹ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì wo Eléṣinṣin lójú. "Bàbá rẹ ni o. Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n fò, sà? Ẹni tó gbé e lu òpó iná?"

Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e lu òpó iná.

Wọ́n dé etí igbó. Panápaná gba abẹ́ igi wọlé pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́, Eléṣinṣin sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé ẹ̀rọ sókè. Igi, koríko, igi. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀wù funfun kan, téèpù ń jù fìrì lọ́rùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni. Kòtò ò jìnnà sí bàbá náà rárá, ó sì kọjú sí i. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lókè orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn.

Gbohùngbohùn kékeré tó ń sọ ohùn rẹ̀ jáde lókè wà lára dírónù náà. Eléṣinṣin tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó pariwo, "Bàámi! Ẹ má sá! Ẹ má sá o!"

Bàbá dúró. Ó gbójú sókè. Ló bá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi eré sí i.

"Ẹ má sá! Bàámi, ẹ má sá!"

Ṣe ni bàbá tún kún eré. Ohùn Panápaná bú jáde nínú rédíò.

"Eléṣinṣin! Ṣé kò sí o? Èèyàn ń lọ sí kòtò, o ní kó máa sá!"

"Mo ní kí wọ́n má sá ni!"

"Ohun tí mò ń gbọ́ níbí kọ́ nìyẹn! 'Ẹ máa sá' ni eṣinṣin rẹ ń wí!"

Hà! Gbohùngbohùn náà ń fa ohùn gùn. Bó bá fi "má" síbẹ̀, "máa" ló ń já sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sínú omi! Kò ráyè káwọ́ lérí. Ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní "má" nínú.

"Bàámi, ẹ jókòó! Ẹ jókòó sílẹ̀!"

Bàbá jókòó gbàà sínú koríko. Òkúta kan yí kúrò níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ré sísàlẹ̀, omi sì gbé e mì.

Eléṣinṣin sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ síbi tó bá bà sí, ó sáré wọgbó. Kó tó dé, Panápaná ti fa bàbá kúrò létí kòtò, òun náà sì ti jókòó, ó ń mí bí ẹni tó gbé ọlọ. Bàbá ti sọ ẹsẹ̀ bàtà kan nù, ẹ̀gún ti gún un lẹ́sẹ̀. Eléṣinṣin kúnlẹ̀, ó ń yọ ọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Mo wà níbí, sà. Kí ló lé yín tí ẹ fi ń sá báyẹn?"

"Kò sí ohun tó lé mi. Ọmọ mi ló ní kí n máa sá."

Ọwọ́ Eléṣinṣin dúró.

"Mi ò rí i o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ohùn ọmọ mi? Ọmọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Tó bá ní kí n sá, á jẹ́ pé ó rí nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mo sá dé ibi tágbára mi mọ."

Omi bọ́ lójú Eléṣinṣin, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ bàbá náà. Panápaná ló gbé bàbá pọ̀n, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà, Eléṣinṣin ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, Panápaná sì kọsẹ̀. Láìròtẹ́lẹ̀, Eléṣinṣin kígbe láti ẹ̀yìn, "Bàámi, ẹ dì í mú dáadáa o!"

"Mo ti dì í mú, ọmọ mi," ni bàbá wí, kò wẹ̀yìn. "Ìwọ náà rọra máa bọ̀, ilẹ̀ ibí ò dáa."

Eléṣinṣin fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí bàbá má baà yíjú kó rí òun, kó tún pe òun ní Nọ́ọ̀sì, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.