Àgbo Tí Wọ́n Ka Yaasin Sí

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu mi, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó bí mi lásán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá mi sí tí mo fi lè ròyìn. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ò ní kí n má bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Múṣin, ẹ mọ̀ pé mo sanra. Aránṣọ ni mí, téèpù tí mo fi ń wọn gbogbo ayé ò sì yí ìdí èmi fúnra mi po mọ́. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹ̀dọ̀ mi ti ń ṣàìsàn. Ọ̀rá ló bò ó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá. Kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀kan kó lọ.

Dókítà mi, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ní bí mo bá lè jò díẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà á rí ìsinmi. Ṣé mi ò gbìyànjú ni? Mo gba ààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìpọ̀nrí. Bí kílóò márùn-ún bá lọ, mẹ́fà á padà wá.

Ló bá ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ ló lè ṣe é. Bí àpá ẹ̀dọ̀ bá ti pọ̀ jù, ewu ni. Tèmi ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún oṣù mẹ́ta. Bí kò bá burú sí i, òun àti oníṣẹ́ abẹ á jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Ó wá nàka sí mi pé kò sí àgbo o. Àgbo kankan, ì báà jẹ́ ìyá tó bí mi ló sè é.

Ẹ̀rù bà mí. Ta ni kò ní bà? Mo ní kí n kọ́kọ́ fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Ní àsàlátù wa, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á fi í sínú àpòòwé pẹ̀lú sàráà, akọ̀wé á kó o fún Àlùfáà. Mo kọ tèmi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé náà pé Àlùfáà nìkan ni kó kà á.

Àlùfáà pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Akọ̀wé wa, Àǹtí Sìkírá, gba maíìkì, ó ní òun á máa ka àwọn ìwé náà sílẹ̀ de Àlùfáà. Ó ka ti ẹni tó ń wá ọmọ. Ó ka ti ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Ó kan tèmi. “Àlùfáà nìkan ni kó kà á.” Bó ṣe kà á nìyẹn, ketekete, sínú maíìkì. Ó sì ń kà á lọ! Ẹ̀dọ̀ mi, ìsanra mi, iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbọ́ títí dé òpópónà.

Kò sẹ́ni tó ṣàmín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, “Ẹ̀dọ̀ kẹ̀? Ṣebí àwọn ọlọ́tí nìyẹn ń ṣe?”

Èkejì dá a lóhùn pé, “Àbí kọ̀rọ̀ ló ti ń mu tiẹ̀ ni?”

Èmi tí bàbá mi fi sí ilé-kéú kí n tó mọ A, B, D. Èmi tí mi ò fi ahọ́n kan ọtí rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àdínnì wa wá sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí ìyá mi kú. Ó gbé ike omi ńlá kan kalẹ̀, àgbo dúdú kún inú rẹ̀.

“Sàídátù, ta ló fẹ́ gé ara tí Ọlọ́hun dá? Mu èyí láràárọ̀. Á fọ ọ̀rá, á fọ ẹ̀dọ̀. Mo ti ka Yaasin sí i lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì.”

Mo kúnlẹ̀ gbà á. Kí ni n bá ṣe? Mo rántí ìka dókítà. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá da Yaasin sí gọ́tà ni? Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mi ò lè dà á nù, mi ò lè dá a padà, ni mo bá ń mu ún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Faridah ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i pé ẹyinjú mi ti di àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà bi mí léèrè ohun tí mo mu. Mo ní mi ò mu nǹkan kan.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yín ò mọ irọ́ pa.”

Mo sọkún, mo jẹ́wọ́. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bí àpá bá ti pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà ò ní ṣeé ṣe fún mi mọ́.

Mo gbé àgbo tó kù tọ Àlùfáà lọ. Inú bí òun náà. Ó ní bí wọ́n bá ka Yaasin sí májèlé, ṣé mo máa mu ún nìyẹn? Ó ní kí n dà á sí ìdí igi, níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà kọjá. Ìdí àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn mọ́sálááṣí ni mo dà á sí. Nǹkan kan ò ṣe igi náà. Igi ò ní ẹ̀dọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tún kọ ìwé. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé kí wọ́n kà á síta. Àǹtí Sìkírá tún gba maíìkì, ó kà á:

“Èmi Sàídátù, ìyá Faridah, tó ń ránṣọ fún ìdajì yín. Mi ò mutí rí. Àgbo tí wọ́n fún mi nínú ìjọ yìí ni mo mu, ó sì fẹ́ pa mí. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun kí ẹ̀jẹ̀ mi padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí lọ́lọ́tí, ẹ ṣàmín tiyín sókè.”

Ìyá Àdínnì ló kọ́kọ́ ṣàmín. Kò wo ojú mi.

Nọ́ńbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ń wálẹ̀, alihamudu lilahi. Bóyá wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi, bóyá wọn ò ní ṣe é, mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọlọ́hun tó sọ Yaasin kalẹ̀ ló fún dókítà ní ọgbọ́n, Òun ò sì ní ká fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ọ̀wọ̀ àgbà ò ní ká gbé ikú mì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti gbé fún yín mu rí tí ẹ ò lè kọ̀? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ni máa kà á, ẹ sọ fún mi. Èmi ò ní maíìkì.